Ẹkún Rẹ Nínú Fídíò Ọkùnrin Tó Ń Fò

Abúlé Ìdí-Òro, lọ́nà Ìlaròó,
Oṣù Kẹta, 1995.

Mùsítúrà ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Ajángbádì? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwa náà dúpẹ́, àyàfi orúnkún mi tí kò jẹ́ kí n gbádùn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀nà jìn láàárín wa. Tíṣà Àsánì ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti ní kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ kankan ṣe.

Fídíò tí ẹ ṣe ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé Tíṣà la ti wò ó, gbogbo abúlé ló pé síbẹ̀, èmi wẹ̀, mo wọ léèsì mi, torí n kò fẹ́ kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ rí mi nínú aṣọ oko kí wọ́n ní ìyá Mùsítúrà nìyí. Ọkùnrin tó so aṣọ pupa mọ́ ẹ̀yìn tó ń fò yẹn wù mí. Nígbà tí epo jẹnẹrétọ̀ fẹ́ tán, òun ṣì wà lókè, mo bá ń bẹ gbogbo wọn pé kí wọ́n sáré wá epo kó má baà já lulẹ̀. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ra epo náà.

Tíṣà ní ọba búburú tó ń ti èèyàn mọ́lé nínú eré yẹn, àwọn ológun tó ń ṣèjọba wa ni ẹ fi ń bá wí, pé ẹ kàn da aṣọ bo ọ̀rọ̀ náà ni kí wọ́n má baà mú yín. Ó dáa. Ohun tí mo fẹ́ bi ọkùnrin tó ń fò ni pé kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá ti pa èèyàn tán ló máa ń dé? Mo tiẹ̀ ti ń rò pé kí o bá mi bẹ̀ ẹ́ kó wá Bàṣírù ẹ̀gbọ́n rẹ lọ, torí láti ọjọ́ rògbòdìyàn ìbò tó ti kúrò nídìí àgbò tó ń tà ní Àlàbá Rágò, n kò gbúròó rẹ̀ mọ́, Kútọnu ni ẹ ń sọ fún mi pé ó wà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òkú ọmọkùnrin kan jáde látinú ẹ̀wọ̀n nínú eré náà, ìwọ lo sì ṣe àbúrò rẹ̀. Táíwò ni gbogbo yín ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí o dojú bolẹ̀ lórí òkú yẹn, o ní, "Àkànjí, ó dàárọ̀ o. Má jọ̀kùn, má jekòló. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí o bá wọn jẹ."

Gbogbo ilé ń yìn ọ́ pé o mọ eré ṣe. Mùsítúrà, èmi ni mo sọ Bàṣírù ní Àkànjí. Kò sí ọmọ tí mo tọ́ tó máa fi oríkì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà láàyè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú eré. Mo dìde, mo lọ sílé. Ó dùn mí pé àárín èrò ni mo ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá, n kò bínú sí ọ.

N kò bèèrè owó lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀wù Bàṣírù kan tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ ni kí o fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wálé. Má fọ̀ ọ́.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi. Ìwọ lo máa sin mí, n kò ní í fi ojú mi wá ọ tì.

Èmi ìyá rẹ,
Àdìjá.