Òdòdó Tí Mo Gbìn Sábẹ́ Fèrèsé Rẹ

Dinah ọmọ mi,

Ọ̀nà Ìjoun kò bàjẹ́ nígbà Àjíǹde. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ èyí kí n tó kí ọ, torí mo mọ ara mi, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìkíni, màá kí ọ títí ìwé yóò fi tán. Nígbà tí o pè pé ò ń bọ̀ wá ṣọdún, tí mo ní kí o má wá, pé àgbàrá ti gbé afárá lọ, irọ́ ni mo pa. Afárá wà níbẹ̀. Mo gba orí rẹ̀ lọ sí oko lọ́jọ́ yẹn gan-an. Láti oṣù kẹrin ni mo ti fẹ́ jẹ́wọ́, ẹnu mi ni kò gbà á.

Ó dára, mo wá kí ọ báyìí. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé Èkó ń jẹ́ kí o jẹun lásìkò? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyin àparò nínú koríko, tí ọkọ́ ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò kàn án, ni yóò máa ṣọ́ ọ láàárín èrò. Àwa náà wà. Ewúrẹ́ funfun bí ìbejì. Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá Àrìnpé, ní kí n kí ọ, ó ní orúnkún òun ti dẹwọ́, àhọ́n òun ló kù tó ṣì le.

O máa ní kí ló dé tí n kò pè. Fóònù kì í mú nílé, àfi kí n lọ dúró ti ògiri ilé ìwé, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ìlú ti ń pe ọmọ wọn. Nígbà mìíràn fóònù á kàn dá sọdá ààlà, á fi Faransé kí mi káàbọ̀ sí Benin, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mi kò kúrò ní Ìjoun. Mo máa ń dá a lóhùn pé mo dúpẹ́, kí wọ́n má baà rò pé a kò lẹ́kọ̀ọ́. Ṣé irú ibẹ̀ ni bàbá ti ń jẹ́wọ́ fún ọmọ?

Ọ̀rọ̀ òdòdó ni. Òdòdó tí o fi ránṣẹ́ lóṣù kìn-ín-ní, nígbà tí mo pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ọlọ́kadà gbé e wá láti Ìlaròó, igi mẹ́sàn-án nínú páálí, wọ́n fi bébà tó ń dún wé e bí ẹni wé ẹ̀kọ. Kò sẹ́ni tó fún mi ní òdòdó rí láyé. Mo ka káàdì inú rẹ̀ títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí: pupa, ìfẹ́ ni, funfun, ọ̀wọ̀ ni, èyí tó dà bí ìyeyè tó pọ́n, ìrántí ilé ni. Wọ́n wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé kí n máa fún un lómi lójoojúmọ́.

Dinah, àgbẹ̀ ni mí. Tí wọ́n bá fún àgbẹ̀ ní igi, tí wọ́n ní kó máa fún un lómi, kí ni kó ṣe? Mo gbìn ín. Igi gbáàgúdá náà kì í ní gbòǹgbò nígbà tí a bá gé e, síbẹ̀ a ń rì í mọ́lẹ̀, ó sì ń hù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe é, mo rì í dagẹ̀rẹ́, mo tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn, lábẹ́ fèrèsé yàrá rẹ, mo sì fi màrìwò ṣọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Kànga ti gbẹ lásìkò yẹn, odò ni mo ti ń pọn omi rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó sorí kọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, ó ń já sílẹ̀. Màmá Àrìnpé kọjá, ó ní, Akínbọ̀wálé, ṣé igi ìdáná lò ń fomi rin ni, àbí o fẹ́ kó jóná dáadáa? Mo ní ó ń sinmi ni. Mo bu ìgbẹ́ adìẹ sí i. Mo tilẹ̀ gbàdúrà sí i.

Nígbà tó gbẹ tán, káàdì yẹn ló ń wá sí mi lọ́kàn: ìfẹ́ ti gbẹ, ọ̀wọ̀ ti gbẹ, ìrántí ilé ti gbẹ. Mo ka ìwé dé kíláàsì karùn-ún ní girama, kò yẹ kí n gba irú rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò bá mi lọ sí ilé ìwé yẹn. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, ohun kan ṣoṣo tí o fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa tọ́jú nìyẹn, mo sì pa á láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí o bi mí pé Dádì, báwo ni òdòdó yín, mo ní ó wà. O ní kí n ya fọ́tò rẹ̀, mo lọ ya ti iwájú ilé àlùfáà. O ní ó mà ti tóbi o, mo ní ìgbẹ́ adìẹ ni. Lo bá ní ò ń bọ̀ wá wò ó nígbà Àjíǹde. Kí o má baà rí ìtìjú mi, mo gbà kí n má rí ojú rẹ. Lọ́jọ́ ọdún, mo jókòó sábẹ́ fèrèsé rẹ, èmi àti igi gbígbẹ mẹ́sàn-án.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìlaròó láti wá irú rẹ̀. Olódòdó àkọ́kọ́ tí mo bá, Habeebullah, oníke ló ń tà. Ó ní, Bàbá, èyí kì í kú, òjò kì í pa á, eruku nìkan ni ọ̀tá rẹ̀, ẹ rì í mọ́lẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Mo gbóòórùn rẹ̀, ó ń rùn bíi garawa tuntun. N kò ní tún purọ́, ọkàn mi fà sí i díẹ̀. Mo wá rántí pé irọ́ ló lé ọ padà lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e kalẹ̀. Ẹnì kejì wà lọ́nà ọsibítù. Kí n tó la ẹnu, ó ti ń bá mi kẹ́dùn, ó ní ṣé ńlá ni kí òun ṣe àbí kékeré, ó ní kí n sọ orúkọ olóògbé. Mo ní ọmọ mi ni mo fẹ́ rà á fún. Ó kọ hàà, ó káwọ́ lérí. Mo sáré jáde, mo ń tutọ́ títí mo fi dé títì.

Ẹnì kẹta ni Toheebat, ó ń to òdòdó inú ọ̀rá dúdú sẹ́bàá títì. Èékánná rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, ilẹ̀ wà níbẹ̀, mo ní ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ nìyí. Mo fi káàdì hàn án. Ó ní òun lòun kọ ọ́! Mo rò ó fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò ajílẹ̀. Ó ní, Bàbá, inú ìgò omi ni wọ́n ń fi í sí, ẹni yòówù kó tọ́jú ẹ̀, kò lè pé ọ̀sẹ̀ méjì. Mo bi í pé ṣé ọmọ mi mọ̀ pé yóò rọ. Ó ní ó mọ̀. Mo ní kí ló wá rán an wá fún. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, kó lè rí ìdí tó fi máa tún fi òmíràn ránṣẹ́ ni, Bàbá.

Mo ní kó fún mi ní òdòdó tó túmọ̀ sí pé mo purọ́, dárí jì mí, máa bọ̀ wálé. Ó ní wọn kò kọ́ òun ní irú ẹ̀. Ó ní mo lè lọ yan òmíràn lọ́jà inú fóònù, kí n jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Mo yí fóònù mi síwá sẹ́yìn, n kò rí apẹ̀rẹ̀ kankan. Ó bá fún mi ní fọ́ọ̀mù, ojú ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ. Mo kọ ọ́ dé ẹ̀yìn, mo ní kó fún mi ní ìwé kún un bí ìgbà ìdánwò. Ó ní, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ kọ lẹ́tà.

Bí mo ṣe yíjú sẹ́yìn àtíbàbà rẹ̀ báyìí, mo rí tannáposó, ó hù láàárín pàǹtí. O rántí rẹ̀? Òdòdó tó máa ń padé lọ́sàn-án, tó máa ń là nígbà tí oòrùn bá rọ̀. Tó bá ti là báyìí, ìwọ á sáré dé ẹnu ọ̀nà, o ní Màmá ti ń bọ̀ láti oko. O kò lo aago. Pupa, funfun àti yẹ́lò sì ń bẹ lórí igi kan náà, gbogbo káàdì rẹ ló wà níbẹ̀. Toheebat ní koríko nìyẹn, òun kì í tà á. Ó fi ọkọ́ hú u tòun ti ilẹ̀ àti gbòǹgbò, ó dì í sínú ọ̀rá fún mi.

Bàbá tó kọ lẹ́tà tí kò tọrọ owó, wọ́n á ní ara rẹ̀ kò dá. Owó páànù méjì ni mo fẹ́, yàrá rẹ ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì. Àkáǹtì Màmá Àrìnpé ni kí o san án sí, torí báńkì ní kí n wo inú fóònù kí n sì ṣẹ́jú, kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni. Mo ṣẹ́jú. Wọ́n ní n kò jọ ara mi. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rò ó pé bóyá wọ́n rí nǹkan. Ṣùgbọ́n tí o kò bá ní wá, má san owó kankan, kó máa jò síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sùn lórí rẹ̀.

Ọ̀nà yóò là fún ọ bí òdòdó ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ yóò gbà ọ́. O kò ní rọ lójú mi.

Tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, màá hú igi gbígbẹ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, màá tú ọgbà màrìwò yẹn, màá sì gbẹ́ kòtò sábẹ́ fèrèsé rẹ. Toheebat ní tannáposó lè wà nínú ọ̀rá títí òjò yóò fi dáwọ́ dúró. Nítorí náà kòtò nìkan ni màá gbẹ́ lọ́la. N kò ní gbin nǹkan kan sí i. Màá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ dè ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akínbọ̀wálé.