Káàdì Tí Baba Mi Tì Mọ́ Àpótí

Ẹ kú ilé o, Baba mi. Mo kúnlẹ̀ láti Hong Kong níbí. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ariwo ìdìbò. Mo kí Màmá, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Ikpinlè.

Ara mi le, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Ilé ìkẹ́rù ni mo ṣì wà, mo ń di fóònù sínú páálí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Òtútù ń bù mí jẹ lọ́wọ́. Bí mo bá padà sí yàrá, kò sí ẹni tó máa bi mí bóyá mo ti jẹun. Owó tí mo fi ránṣẹ́, ẹ fi ra oògùn ẹsẹ̀ yín o, ẹ má fi ṣe àlejò olóṣèlú.

Lásísì àbúrò mi pè mí, ẹkún ló ń sun. Ó ní ẹ gba káàdì tí gbogbo ilé fi ń dìbò, ẹ tì í mọ́ àpótí, pé ẹni tí kò bá gbà níwájú yín láti yan ọmọ ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ di depité nílé aṣòfin ní Àjàṣẹ́ kò ní rí tirẹ̀ gbà. Ó kọ̀, ẹ lé e. Kpoulou ló ń sùn báyìí, lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Baba, ó dùn mí.

Abẹ́ Ṣáínà ni ìlú yìí wà, ṣùgbọ́n ó ní ilé aṣòfin tirẹ̀. Bàbá arúgbó kan tí a jọ ń di ẹrù sọ fún mi pé nígbà tí òun wà léwe, aráàlú kì í yan aṣòfin kankan. Nígbà tó yá, ìjọba ní kí wọ́n yan díẹ̀. Ìdìbò dé, ìdìbò lọ, àga tí aráàlú ń yàn ń pọ̀ sí i. Ó rò pé gbogbo rẹ̀ máa di tiwọn. Àfi bí wọ́n ṣe tún dín in kù, tó wá jẹ́ pé ẹni tí àwọn ọ̀gá bá fọwọ́ sí nìkan ló lè jáde. Mo bi í bóyá ó ṣì ń lọ dìbò. Ó ń lẹ páálí rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà mí, torí ilé wa ni mo rántí.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní bí ilé wa bá sọ ohùn kan, wọ́n á ṣe ọ̀nà wa. Òótọ́ ni, ọ̀nà Ikpinlè burú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wo ni ọmọ tí ẹ lé máa gbà wálé?

Mo pe Màmá. Mo ti rò pé ti Lásísì ló máa ṣe. Ó ní rárá o, ẹni tiyín gan-an lòun máa yàn. Ó ní kìkì pé láti ọjọ́ tí òun ti wọlé yín, ẹ kò bi òun rí.

Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà, á sì mú ọwọ́ yín dé ibi kọ́kọ́rọ́ àpótí yẹn kí ọjọ́ ìdìbò tó pé. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti ẹni tó wà ní Kpoulou.

Ọmọ yín,
Ràmátù