Ọmọ Ajá Tó Ní Nọ́ńbà Lọ́rùn

Àkọ́bí mi tí fóònù rẹ̀ kò ní etí,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwa náà wà bí òrùlé wa ṣe wà, à ń jò díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ lọ, á máa ṣọ́ ẹ bọ̀. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Mo ní kò yẹ ọ́, àmọ́ mo ti kí ọ.

Ọmọ ajá tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀. Awakọ̀ tó gbé e wá ní o ti jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, kí wọ́n fi ẹ̀rọ kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ sábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín bó bá sọnù. Ajá tí kò tíì tó bàtà mi. Mo ní irú ìkà wo nìyí, ìyá rẹ ní ọ̀làjú ni. Mo wá rò ó pé ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́ á lè jíṣẹ́ fún ọ. Láràárọ̀ ni mò ń gbé ajá lé itan, tí mò ń fẹnu sí i lọ́rùn, mò ń sọ fún ọ pé òrùlé ń jò, pé ojú ń dun ìyá rẹ, pé kí o wálé. O ò fèsì. Ajá nìkan ló ń lá mi nímú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, hóró yẹn ti rìn dé èjìká. Ìyá rẹ ní ariwo mi ló ń sá fún. A gbé e lọ bá dókítà ẹranko. Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní bàbá, ẹ̀rọ yẹn kò ní etí, kò sì lè sọ ibi tí ajá wà, nọ́ńbà nìkan ló wà nínú ẹ̀; ó máa ń ṣí nípò nígbà mìíràn, kì í sábà ṣe nǹkan kan, àfi bí ibẹ̀ bá wú ni ká tètè padà wá. Ó fi ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan sí èjìká ajá, nọ́ńbà yọ, ó wò ó nínú kọ̀ǹpútà, ó rí nọ́ńbà fóònù rẹ níbẹ̀, ó sì pè ọ́.

O gbé e kíá. Kò tíì dún lẹ́ẹ̀kejì. A dúró níbẹ̀, à ń gbọ́ ohùn rẹ, o ń bèèrè bóyá ajá ti jẹun. Kí n tó na ọwọ́ gba fóònù, o ní o wà nípàdé, o ti pa fóònù.

Ìyá rẹ ò bínú. Ó kàn tẹ orí síwájú dókítà, ó ní kó bá òun fi tòun sọ́rùn. Dókítà ní òun kì í gún èèyàn. Nítorí náà, fi owó òrùlé ránṣẹ́, kí o sì bá wa wá ẹni tó ń gún èèyàn nílùú yín, ọrùn méjì ni. Bí o ò bá rí i, gbé ara rẹ wá.

Ọlọ́run á fún ọ lọ́mọ tí á máa gbé fóònù rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ, tí kò ní nọ́ńbà lọ́rùn.