Kunta Lorúkọ Ìjọ Wa

                                                            Marzahn,
                                                            Berlin.
                                                            12 Oṣù Kẹfà, 2024.

Adéfúnkẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà ní Veddel níbẹ̀? Iṣẹ́ ńkọ́, ara ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé orúnkún mọ́mì yín ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn. Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Láti ìgbà tí yunifásítì kan ní Fínlándì ti gbà mí ni mo ti ń fi ìwé ìṣirò kọ́ èdè wọn. Mo rí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Tí àwọn nọ́ńbà bá para pọ̀, tó jẹ́ pé èyíkéyìí méjì tí o bá mú, o báà rò wọ́n pọ̀, o báà yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, o báà sọ wọ́n di púpọ̀, o báà fi ọ̀kan pín èkejì, àárín àwọn nọ́ńbà ọ̀hún náà ni ìdáhùn yóò bọ́ sí, kunta ni wọ́n ń pè é. Mo wádìí rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni; agbo àwọn èèyàn ló túmọ̀ sí kó tó di ti ìṣirò. Òun náà ló wà nídìí seurakunta, tí wọ́n fi ń pe ìjọ Ọlọ́run. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dénú.

Ìwọ náà ṣáà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Altona lọ́jọ́ tí mo ṣe àṣìṣe yẹn. Ẹlòmíì á gbàwé ìgbaniwọlé, á di ẹrù rẹ̀. Èmi lọ kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, mo ní kí ìjọ bá mi gbàdúrà sí i. Ni mọ́mì yín bá ríran pé n kò gbọdọ̀ kọjá omi lọ́dún yìí. Mo ní bàálù ni màá wọ̀. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe orí omi ni bàálù ọ̀hún máa gbà ni?"

Mo sá tọ dádì mi lọ, dádì pe Wòlíì Dúrósinmí. Mo bẹ Wòlíì, Wòlíì ní kí n lọ bá mọ́mì mi. Mọ́mì mi gbààwẹ̀, wọ́n sì pe mọ́mì yín. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́, àmọ́ àyà tèmi ni wọ́n ń sọ. Kò sí ìkà nínú wọn. Wọ́n fẹ́ràn mi, ohun tó dè mí mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yunifásítì fẹ́ gbọ́ èsì. Mo fẹ́ dáhùn pé mò ń bọ̀. Jọ̀ọ́, má sọ fún mọ́mì yín.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́, Adéfúnkẹ́. Àánú mi á ṣe ọ́, ẹ̀rù omi á bà ọ́ nítorí mi, wàá sì sọ fún wọn. Ìwọ nìkan ni mo ní tí mo lè bá sọ ọ́, inú agbo yẹn náà lo sì wà.

Bá mi kí Elias àbúrò rẹ. Bá mi kí mọ́mì yín pẹ̀lú.

Tiyín ni mí, bí mo fẹ́, bí mo kọ̀,
Motúnráyọ̀.