Ìdánwò Ojú Tí Mo Yege Jù

Àmátúlláhì ọmọ mi,

Mo fi sálámà kí ọ, àti Yusif ọkọ rẹ, àti gbogbo ẹni tó ń bá yín gbé ilé yẹn ní Alajo. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín ní títì Accra, níbi tí ọ̀kadà ti ń gba iwájú tó tún ń gba ẹ̀yìn. Ìyá rẹ ní òun kí ọ lọ́tọ̀, kí n má fi tòun pọ̀ mọ́ tèmi. Ewúrẹ́ rẹ bí ìbejì, ó ní ọ̀kan jọ mí.

O ní kí n ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi yọ orúkọ mi kúrò lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fi oje kóró ewéko dán wò, bóyá yóò ṣiṣẹ́ fún ojú gbígbẹ. Ọmọ mi, mo yege ni.

Lọ́jọ́ tí o mú èmi àti Láwàlì tó ń pe ìrun ní mọ́sáláásí wa lọ sí ọsibítù náà, Habiba nọ́ọ̀sì fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ há wa sí ìpéǹpéjú, ó ní ká dijú fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Nọ́ńbà wà lára bébà náà títí dé márùndínlógójì, ibi tí omi ojú bá rin ín dé ni wọ́n ń kà. Mo gba mẹ́rin. Èmi tí mo ka Kùránì parí kí irùngbọ̀n mi tó hù. Láwàlì gba méjì, ìyẹn ni mo fi rí oorun sùn.

Lọ́jọ́ kejì tí ìwọ wà níbi iṣẹ́, mo ti múra. Bí Habiba ti ní kí Alhaji dijú (n kò tíì dé Mẹ́kà, ṣùgbọ́n n kò já a nírọ́, mo ṣì wà lọ́nà), mo ronú kan àgbò iléyá èṣí tí mọ́tò tẹ̀ pa nígbà tí ọdún ku ọjọ́ méjì. Omi dà. Mo gba ọgbọ̀n. Dókítà ní ojú mi ò gbẹ, kí n máa relé. Mo bá Láwàlì kẹ́dùn nínú ọkọ̀ tirotiro títí a fi délé, mo ní kì í ṣe gbogbo orí ni ìwé ń wọ̀. Òun tó fìdí rẹmi ló gbé ìgò oògùn dání.

Ìgò yẹn lọ̀rọ̀ wà. Ojú Láwàlì ti tutù bíi tọmọ tuntun, tèmi ń ta mí bí ẹni pé wọ́n bu iyanrìn sí i. Ààwẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ka tafsírì fún jámáà lẹ́yìn ìrun Àsárì, àwọn àgbà sì ti ń sọ pé kí Láwàlì kúkú bá mi kà á lọ́dún yìí. Láwàlì tó gba méjì.

Ó ní dókítà pàápàá ò mọ ohun tó wà nínú ìgò òun, pé oje kóró wà nínú àwọn kan, omi lásán wà nínú àwọn yòókù, wọn ò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí ìwádìí yóò fi parí. Kò burú. Bó bá jẹ́ omi lásán ni ti Láwàlì, omi lásán yẹn gan-an ni kí wọ́n bù fún mi.

Bá mi bẹ dókítà kó jẹ́ kí n tún ìdánwò náà ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. N kò ní ronú kan àgbò mọ́. Láwàlì ti ń kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń jókòó láìronú ohunkóhun, ó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an.

Fi owó tirotiro wa ránṣẹ́, àlọ àti àbọ̀, kí o sì fi owó ṣúgà ààwẹ̀ lé e. Sórí fóònù ìyá rẹ ni kó gbà o. Wáàsí ti kún inú tèmi, n kò mọ̀ bóyá owó yóò ráyè wọlé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ fìdí rẹmi láyé. Kó jẹ́ kí èmi nìkan fìdí rẹmi, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun nìkan, kí n lè rójú ka ìwé Rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Alfa Mùktárù