Màmá Ń Pe Orúkọ Yín

Bọ̀dá mi Olúsọjí,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Gbogbo ilé ń kí ẹ̀yin àti ìyàwó yín láti Odigbo.

Ẹ̀gún ọ̀pẹ ló gún Màmá lọ́wọ́, ni ibà bá dé. Wọ́n ní àdúrà ti tó, ṣùgbọ́n mo gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ore. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ní: "Ojú egbò ti gbẹ, àmọ́ purotéènì kan ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín, Màmá. Àrùn ti ń wọ ẹ̀jẹ̀." Ó tètè fún wọn lóògùn. Wọ́n ti ń jẹ ẹ̀bà báyìí.

Màmá ní n má sọ fún yín, ṣùgbọ́n orúkọ yín ni wọ́n ń pè nínú ibà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n.

Olúwa á ṣọ́ yín.

Àbúrò yín,
Ìdáraolúwa