Bí Ìyá Arúgbó Ṣe Ń Yà Sọ́tùn-ún

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà
A ti na aṣọ sí apá Ìyá Arúgbó tán. Orúkọ tí a sọ bàálù wa nìyẹn, irú èyí tí wọ́n fi ja Ogun Àgbáyé Kìíní — apá méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, igi àti aṣọ lásán. Ọdún mẹ́rin ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n mi fi kàn án. Èmi ni mẹkáníìkì, òun ni yóò wà á. Géèmù orí kọ̀ǹpútà ló fi ń kọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ó já lulẹ̀ nínú géèmù lẹ́ẹ̀mọkànlá. Ẹ́ńjìnnì irú bàálù yìí máa ń bá fáànù iwájú yí ni. Tó o bá yà sọ́tùn-ún, á fẹ́ fa imú ọkọ̀ dorí kodò. Inú bí i, ó ní ọwọ́ òun ti darúgbó. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Bó ṣe lọ jẹun, mo wọ ibi tí wọ́n ti ń tún géèmù tò, mo pa fífà yẹn. N ò sọ fún un.

Ọjọ́rú, 5
Kò já lulẹ̀ rárá! Tíṣà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹgbẹ́ awabàálù kan ní kó wá wa irú bàálù yìí fáwọn, náà jókòó sí i, ó ní àṣé kò le tó bẹ́ẹ̀. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 6
Màá sọ fún un lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
N ò sọ ọ́. Ó ń súfèé káàkiri ilé. Mo ní n ò fẹ́ ba ayọ̀ ẹ̀ jẹ́ — irọ́ ni, ojú ló ń tì mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Ẹ̀gbọ́n mi fi Ìyá Arúgbó gbéra dáadáa, a pàtẹ́wọ́. Ó yà sọ́tùn-ún lókè àwọn igi. Imú dorí kodò, ó já lulẹ̀.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kán. Ẹ̀mí wà. Èmi ni mo fà á jáde. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ mi, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san án fún yín." Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì.

Ọjọ́rú, 12
Àwọn tó ń wádìí ní àṣìṣe awakọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí i. Ó ní ọwọ́ òun ló já òun kulẹ̀, òun ò ní wa nǹkan kan mọ́, títí kan mọ́tò. Mo ń to oògùn ẹ̀ lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Mo ti sọ ọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọwọ́ yín. Èmi ni mo pa fífà yẹn nínú géèmù, kó lè rọrùn fún yín."
Kò pariwo. Ó ní, "Tíṣà ńkọ́? Òun náà jókòó sí i."
N ò tiẹ̀ rántí Tíṣà. Àárọ̀ ọ̀la ló fẹ́ fi bàálù ẹgbẹ́ yẹn gbéra! Mo pè é níbẹ̀, mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ó ní òun ò ní wà á, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí.
Ẹ̀gbọ́n mi ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá kọjú sí ògiri. Mo jókòó tì í títí ìyàwó ẹ̀ fi dé. Kò yíjú padà.